Nọ́ńbà 55 àti Àmì Ohùn Orí Orúkọ Rẹ̀

Mo mọ̀ pé a kì í sábà kọ nípa bọ́ọ̀lù níbí, ká má tilẹ̀ sọ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé sáré lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń kọ lu ara wọn bí àgbò. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan nínú kíláàsì wa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi kúrò ní ẹ̀ka Yorùbá ní 2022, nígbà tí àwọn kan nínú wa ń wá ọ̀nà àbáyọ. Mo ní ìtàn náà gùn, pé bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ó rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìtàn náà rèé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ẹ̀yin tó ṣojú yín kò nílò àlàyé. A rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni, ó di oṣù mẹ́jọ. Mo kó ẹrù mi padà sílé ní Ẹdẹ. Nígbà tí jíjókòó sú mi, mo lọ ń bá ìyá aránṣọ kan ládùúgbò wa ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń ran bọ́tìnnì, èmi ni mò ń gán etí aṣọ. Tí àwọn oníbàárà bá bi mí pé kí ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, tí mo bá ní Yorùbá ni, wọ́n á wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní, "Ó dáa, ẹ̀kọ́ náà ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, ń gbé ní ìpínlẹ̀ Michigan, kò jìnnà sí ìlú Ann Arbor. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń san owó iléèwé mi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kò pariwo, kò bínú.

"Àbúrò mi, mi ò sọ pé Yorùbá ò dáa o. Ṣùgbọ́n ta lo máa sọ ọ́ fún tó máa sanwó fún ọ? Lọ gba fọ́ọ̀mù iléèwé nọ́ọ̀sì. Tí o bá parí rẹ̀, mo lè ràn ọ́ lọ́wọ́ láti débí. Kí ọdún yìí tó parí, fún mi lésì."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Màá rò ó." Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti rò ó tán. Mo gba fọ́ọ̀mù náà, mo kọ orúkọ mi sí i, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Báyìí ni bọ́ọ̀lù ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi fídíò pè wá kí ìyá wa lè rí ọmọ-ọmọ wọn, ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ọmọ náà kò wo fóònù mọ́. Ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n, nítorí sáà bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Yunifásítì Michigan ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bá a wí títí tí kò gbọ́, ó kúkú gbé fóònù kọjú sí tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo wa lè jọ máa wò ó. Aago méjìlá ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, èmi àti ìyá mi jókòó sórí àga ìta, a ń wo Michigan bí wọ́n ṣe ń na Colorado State ní 51 sí 7, a ò sì mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe.

Ọmọ náà ló kọ́ mi. Ó ní ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti gbé e síwájú tó yáàdì mẹ́wàá. Tí wọ́n bá ṣe é, wọ́n á tún gba ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Tí wọn ò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹlòmíràn. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wò ni quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tàbí tó ń fà á lé ẹlẹ́sẹ̀ eré lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ rẹ̀, ọkùnrin bàǹtà-banta kan á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, á fi ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù, á sì tì í gba àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Sẹ́ńtà ni wọ́n ń pè é. Tí kò bá mira, eré kò lè bẹ̀rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ kejì kàn án: kí ó fi àyà ti ọ̀tá sẹ́yìn kí àwọn ará ẹ̀yìn rẹ̀ lè rí àyè ṣe tiwọn. Kámẹ́rà kì í dúró tì í. Bọ́ọ̀lù ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé.

Ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni sẹ́ńtà Michigan kọ ẹ̀yìn sí wa, mo sì rí ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ lókè nọ́ńbà 55: OLUWATIMI.

Mo pariwo. Ìyá mi sún mọ́ fóònù, wọ́n ní, "Tìmì kẹ̀? Ṣé ọmọ Ẹdẹ ni?" Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹdẹ mọ̀ pé Tìmì ni ọba wa. Mo ní, "Rárá, Mọ́mì, kì í ṣe Tìmì, Tìmí ni." Wọ́n ní, "Báwo lo ṣe mọ̀? Wọn ò kúkú fi àmì sí i."

Òdodo ọ̀rọ̀. Wọn ò fi àmì sí i. Ẹni tó ń ròyìn eré náà ń pe orúkọ ọ̀hún bí ẹni tó ń gun òkè lórí kẹ̀kẹ́, ó ń lọ sókè sódò níbi tí kò yẹ. Olusegun Oluwatimi ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, wọ́n ń pè é ní Olu. Ìpínlẹ̀ Maryland ló ti dàgbà. Michigan ni yunifásítì kẹta tí yóò ti gbá bọ́ọ̀lù: ó ti wà níléèwé àwọn ológun òfurufú, ó ti wà ní Virginia, sáà kan ṣoṣo ló sì wá lò ní Michigan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ̀rọ̀, nítorí díẹ̀ ló gbọ́ nínú Yorùbá. "Àǹtí, báwo ni wọ́n ṣe ń pè é gan-an? Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ọmọ yìí kò fẹ́ràn orúkọ tirẹ̀. "Olú" ni orúkọ àbísọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní kí olùkọ́ máa pe òun ní orúkọ òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà ń dun ìyá mi, wọn kì í kàn sọ.

Mo fa ìwé kan yọ, mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo gbé e síwájú fóònù: Olúṣẹ́gun Olúwatìmí. Mo ní wo fáwẹ́lì yìí, "i". Tí o bá gbé ohùn sókè lórí "ti", ó di "tí" inú "ọmọ tí mo rí". Tí o bá fi í sáàárín, ó di "ti" inú "ti èmi". Tí o bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó di "tì", ìyẹn ni pé kí ènìyàn fi ọwọ́ tàbí àyà bi nǹkan síwájú. Tí ẹnì kan bá sì tì ọ́ lẹ́yìn, ó dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ kí o má baà ṣubú. Bí mo ṣe ka orúkọ ọkùnrin náà nìyẹn: Olúwa tì mí.

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ó ń ti àwọn ènìyàn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti jókòó sí kíláàsì fónọ́lọ́jì rí, mo ti ṣe ìdánwò lórí ohùn, mo gba máàkì tó dáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tí ìyàtọ̀ láàárín "ti" àti "tì" mú inú rẹ̀ dùn.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ Sátidé bẹ̀rẹ̀. Michigan ń na gbogbo ẹni tó bá dé iwájú wọn: Maryland 34 sí 27, Iowa 27 sí 14, Indiana 31 sí 10. Èmi náà ń to orúkọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, wọ́n dá ìyanṣẹ́lódì dúró. Ní ọjọ́ kejì gan-an, ọjọ́ 15, Penn State wá sí Ann Arbor, ẹgbẹ́ méjèèjì kò sì tíì pàdánù ìdíje kankan. Pápá ìṣeré Michigan ń gba ènìyàn tó lé ní 100,000. Ọmọ náà ti ń dúró dè mí. "Àǹtí, Olú mìíràn wà ní Penn State!" Lóòótọ́ ni. Nọ́ńbà 74 wọn ni Olumuyiwa Fashanu, òun náà wà lára àwọn tó ń fi àyà ṣíṣẹ́ níwájú. Mo kọ ọ́: Olúmúyìíwá Fáṣànù. Mo ní Olú ló mú èyí wá. Ifá sì ṣàánú. Mo ṣàlàyé fún un pé ìdílé tó bá ní "Fá" lórúkọ, Ifá ni àwọn babańlá wọn ń tẹ̀ lé. Ó ní, "Nítorí náà, Olú méjì ló wà lórí pápá." Bàbá rẹ̀ dá sí i láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀kẹta wà lórí àga yìí, ó ń jẹ gúgúrú." Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò bínú.

Michigan fẹsẹ̀ sáré 418 yáàdì lọ́jọ́ náà, wọ́n borí ní 41 sí 17. Gbogbo ènìyàn ń pariwo Blake Corum àti Donovan Edwards, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ eré. Ọmọ náà ń wo ọ̀nà tí wọ́n gbà kọjá. Ó ní, "Olú ló ṣílẹ̀kùn yẹn."

Mo padà síléèwé, fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì wà nínú àpò mi. Inú yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń wo ìyókù, mo ń ra dátà bí ẹni ra oúnjẹ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá, Corum fi orúnkún ṣèṣe, ó sì ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kí Jake Moody tó fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tó gbà wọ́n lọ́wọ́ Illinois, 19 sí 17. Lọ́sẹ̀ kejì rẹ̀, wọ́n lọ sí ilé Ohio State, ọ̀tá wọn àtayébáyé. Láti 2000 ni Michigan kò ti borí nílùú náà. Ní ìdajì eré, Ohio State ló wà níwájú, 20 sí 17. Nígbà tí eré parí, 45 sí 23 ni, Michigan ló borí. Lẹ́ẹ̀mejì ni Edwards gba àárín ọ̀tá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò lè bá a, 75 yáàdì àti 85 yáàdì. Mo fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo forí gbá bẹ́ẹ̀dì òkè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, wọ́n na Purdue ní 43 sí 22, wọ́n gba ife Big Ten. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà 55 gba ẹ̀bùn méjì: Rimington, ti sẹ́ńtà tó dára jù lọ, àti Outland, ti àwọn alágbára iwájú. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ sí i nísàlẹ̀ pé: "Òun ń fi agbára jẹun. Ìwọ fẹ́ fi àmì ohùn jẹun. Mo ṣì ń retí èsì o." Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo jókòó. Ọdún ti ń parí.

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni Michigan pàdé TCU ní Arizona. Ìdíje 13 ni wọ́n ti ṣe, wọ́n borí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá borí lọ́jọ́ yìí yóò lọ jà fún ife gbogbo orílẹ̀-èdè. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: aago mẹ́wàá alẹ́ lọ́dọ̀ wa, alẹ́ àìsùn ìkẹyìn ọdún. Ta ló jẹ́ jókòó sílé lálẹ́ yẹn ní Ẹdẹ? Mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi gbohùngbohùn kékeré kan sí etí kan lábẹ́ gèlè, mo sì wá àyè sẹ́yìn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

Ó burú láti ìbẹ̀rẹ̀. TCU gba bọ́ọ̀lù tí McCarthy jù, wọ́n gbé e wọlé. Michigan dé ẹnu góńgó lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí nǹkan mú. Ní ìdajì eré, 21 sí 6. Níwájú mi, gbogbo ìjọ wà lórí eékún, wọ́n ń ṣírò ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọdún tuntun mú wá. Èmi náà kúnlẹ̀. Mo fẹ́ gbàdúrà nípa fọ́ọ̀mù náà, mi ò mọ èyí tí ǹ bá bèèrè. Bí agogo ṣe lù tí gbogbo ènìyàn ń ké "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún," ìyá mi yíjú padà láti gbá mi mọ́ra, wọ́n rí okùn létí mi. Wọ́n ní, "Ṣé bọ́ọ̀lù lo wá wò nílé Ọlọ́run?" Mo ní ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní, "Èló ni wọ́n wà báyìí?"

Apá kejì jẹ́ eré aṣiwèrè. Michigan ń bọ̀, TCU ń sá, ẹgbẹ́ méjèèjì ń gbé e wọlé bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́lé. Ó ti ń lọ sí aago méjì òru, a ti ń rìn bọ̀ wálé nínú òkùnkùn, nígbà tó ku 51 sí 45, tí Michigan sì gba bọ́ọ̀lù fún ìgbà ìkẹyìn. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó ṣẹ́ kù. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ. Ní ìgbà kẹrin, bọ́ọ̀lù náà kò gún régé láàárín sẹ́ńtà àti quarterback. McCarthy sáré mú un, ó jù ú fún ẹlòmíràn, wọ́n dá onítọ̀hún mọ́lẹ̀. Ó parí.

Fóònù mi dún lójú ọ̀nà níbẹ̀. Ọmọ náà ni, ó ń sunkún.

"Àǹtí, ẹ ní 'Olú ti borí ogun' ni ìtumọ̀ Olúṣẹ́gun. Ẹ ní Olúwa tì í. Kí ló dé tí wọ́n fi pàdánù? Ṣé orúkọ náà kì í ṣiṣẹ́ ni?"

Mo dúró. Mo wá ìdáhùn tí mi ò rí. Ǹ bá ní "bọ́ọ̀lù ni, ẹ̀yìnwá ọ̀la," ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń bi mí. Mo ní, "Ẹni tó tì ọ́ lẹ́yìn kò sọ pé o ò ní ṣubú. Ó ní òun wà lẹ́yìn rẹ ni. Ṣùgbọ́n ti Olúṣẹ́gun yẹn, jẹ́ kí n bi olùkọ́ mi tá a bá wọlé."

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù. Ó ní, "Olùkọ́ wo?"

Mo ní, "Olùkọ́ Yorùbá mi, sà."

Ó dákẹ́. Mo gbọ́ bí ó ṣe mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó ti yé mi. Ẹ kú ọdún. Kí Mọ́mì."

Nígbà tí a wọlé, mo bi olùkọ́ mi ní tòótọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n wo ọ̀rọ̀-ìṣe inú orúkọ náà dáadáa. Wọ́n ní, "Ṣé 'yóò ṣẹ́gun' lo rí níbẹ̀? Olú ṣẹ́gun. Ó ti ṣẹ. Ogun kan wà tí ìdílé náà bá pàdé kí ọmọ tó dé, wọ́n ṣẹ́ ẹ, wọ́n fi sọ ọmọ lórúkọ. Kì í ṣe ìlérí, ìròyìn ni." Mo sáré kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Sátidé, mo kà á fún ọmọ náà. Ó ronú sí i, ó wá béèrè pé, "Ogun wo ló wà kí wọ́n tó bí èmi?" Mo ní kó bi bàbá rẹ̀. Ó bi í. Mo gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tí èmi pàápàá ò gbọ́ rí, nípa ọdún àkọ́kọ́ wọn nínú òtútù, kí wọ́n tó ríṣẹ́. Mo pa fóònù kí n má baà máa dẹtí.

Fọ́ọ̀mù náà ti gbọ́jọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń san owó iléèwé mi, ó sì ṣì ń kùn. Mi ò tíì lè sọ fún un iṣẹ́ tí màá ṣe tí yóò tó owó nọ́ọ̀sì. Ní 2023, ẹgbẹ́ Seattle Seahawks mú nọ́ńbà 55. Ní oṣù Kíní 2024, Michigan gba ife gbogbo orílẹ̀-èdè tí wọ́n pàdánù lọ́jọ́ yẹn, wọ́n na Washington ní 34 sí 13. Gbogbo ènìyàn ń rántí sáà yẹn. Èmi, ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni mò ń rántí.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ náà ya fọ́tò ìwé iléèwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Olú", ó fi pẹ́ńsù pupa fi àmì sí gbogbo fáwẹ́lì. Ọ̀kan ṣì. Mo ní kó tún un ṣe.